Ìyàwó Onímàlúù

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Ìpẹ̀rú sí Ìkẹ́nnẹ́ lónìí, ẹ ó rí ògiri búlọ́ọ̀kù gígùn kan tí wọn ò tíì kùn lọ́dà. Ẹ máa lọ ní tiyín, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ wò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni màlúù mi ti máa ń jẹko.

Òyìnbó ni mí. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù kì í gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fojú kàn mí. Ọkùnrin kan wá ra akọ màlúù lóko mi rí, ó fi gẹ̀ẹ́sì kí mi, ó ní ìyá àgbàlagbà ará Ṣàgámù kan tí òun bá sọ̀rọ̀ ni òun ń wá. Mo ní, "Èmi náà nìyí. Wọlé, àbí o fẹ́ kí oòrùn pa ọ́ ni?" Ọkùnrin náà ń wò yíká, bí ẹni pé mo fi ìyá náà pamọ́ sẹ́yìn igi.

Áyálándì ni wọ́n bí mi sí, nínú oko. Bàbá mi sin màlúù, bàbá tó bí i náà sin màlúù. Èmi ni àkọ́bí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Ní ọjọ́ kan tí a ń mu tíì lọ́wọ́, bàbá mi ní àbúrò mi ọkùnrin ni yóò ni oko. Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ á lọ sílé ọkọ." Kò pariwo, kò bínú. Ó tún bu ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí rò ó.

Ilé ọkọ náà ni mo lọ. Ṣẹ́gun wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran lọ́dọ̀ wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ó ti ki ọwọ́ bọ inú màlúù wa kan dé èjìká, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó sì ń bá màlúù náà sọ̀rọ̀ lédè tí n ò gbọ́. Nígbà tó yá ó sọ fún mi pé, "Àwa ní ilẹ̀ nílé. Bàbá mi ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá." Ká sòótọ́, ilẹ̀ náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí yọ Ṣẹ́gun lẹ́nu títí ó fi kú.

*

Òórùn obì ni mo kọ́kọ́ fi mọ Ijoku, àdúgbò àwọn ọkọ mi ní Ṣàgámù. Ìyá ọkọ mi, Màmá ni gbogbo wa ń pè é, ń ta obì. Iwájú ilé ni wọ́n ti máa ń bó o, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á ṣà á, tí wọ́n á sì fi ewé dì í sínú agbọ̀n kó má baà gbẹ. Ọjọ́ tí mo dé, Màmá dìde láàárín àwọn agbọ̀n náà, ó fi ọwọ́ tó ti pọ́n fún omi obì di ojú mi mú, ó ń wò mí. Mo rò pé inú ẹ̀ ò dùn. Ó kígbe lójijì pé, "Ìyàwó mi dé o!" Àdúgbò dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ìyàwó. Àgbà ń pè mí ní ìyàwó, ọmọdé ń pè mí ní ìyàwó wa. Wọ́n kọ́ mi pé ẹni tí mo bá bá nínú ilé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó jù mí lọ, torí pé ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé. Báyìí ni mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí Wálé, ọmọ ìyáalé Màmá, tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ. "Bọ̀ọ̀dá Wálé, ẹ káàárọ̀." Á ní, "Ìyàwó, o jí dáadáa?" Á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti wá, kò sẹ́ni tó fún mi ní orúkọ tí gbogbo ilé ń fi ìfẹ́ pè bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo bó o títí èékánná mi fi dúdú, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé màlúù ni mo fẹ́ sìn.

"Màlúù kẹ̀?" Màmá ju obì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ di Fúlàní mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Èmi ò ní dà wọ́n kiri. Inú ọgbà ni wọ́n á wà. Èmi ni n ó máa gbin koríko fún wọn."

Ó wo Ṣẹ́gun. Ó ní, "Ó fẹ́ gbin koríko. Èyí tí à ń ro dànù látàárọ̀." Gbogbo àwọn tó ń bó obì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe pé mo ti fẹ́ sunkún.

Síbẹ̀, Màmá náà ló bá mi wá wọn. Ó ní oníbàárà kan ní Sábó, Àlùhájì kan tó máa ń kó obì ẹ̀ lọ sókè Ọya. Ọkọ̀ tó gbé obì lọ ni Àlùhájì fi kó màlúù mi bọ̀, funfun gbogbo wọn, ìwo gígùn, ewé obì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Lójú ọ̀nà Ìpẹ̀rú, àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wo obìnrin òyìnbó tó ń sáré tẹ̀ lé màlúù pẹ̀lú ìró lídìí. Ẹnì kan ní, "A ò rí irú èyí rí ní ìran wa." Òótọ́ ló sọ.

*

Wọ́n kú. Kí n tó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dáadáa ni wọ́n ti ń kú. Eṣinṣin kan wà nínú igbó tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹran òkè Ọya ò sì lè fara dà á. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, wọ́n á rù, ojú wọn á máa ṣomi, wọ́n á wá dùbúlẹ̀. Ṣẹ́gun ń gún wọn lábẹ́rẹ́, èmi ń fi aṣọ tútù nù wọ́n. Òfo ni.

Àwọn ará àdúgbò wá kí mi. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Wọ́n dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Lọ́dọ̀ tiwa, bí màlúù rẹ bá kú, aládùúgbò á sọ ojú ọjọ́ fún ọ, á bá tirẹ̀ lọ. Níbí, wọ́n bá mi ṣọ̀fọ̀ màlúù tí wọ́n ti fi ṣe mí yẹ̀yẹ́. Mo sunkún níwájú wọn, ojú ò tì mí.

Mo lọ sí ilé fóònù ní Ṣàgámù láti pe àbúrò mi obìnrin, Nóra. Ẹ ó tò, ẹ ó tò, bí ó bá wá kàn yín, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Nóra ní, "Báwo ni gbogbo nǹkan?" Mo ní, "Dáadáa ni." Ó ní, "Màlúù ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ń jẹun." Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, koríko ga, bàbá wa ò gbádùn ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Bí mo ṣe la ẹnu, fóònù já. Mo jókòó síta lórí àtẹ̀gùn, oòrùn ń pa mí lórí, mo sì ń bi ara mi pé bó bá tiẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ilé wo ni mo fẹ́ lọ gan-an? Oko ti di ti àbúrò mi ọkùnrin.

*

Àwọn màlúù kúkúrú tí kò ní iké ló wá gbà wá. Ṣẹ́gun rí wọn ní ìletò kan lọ́nà igbó, wọ́n kéré bí ẹni pé òjò ti mú wọn súnkì, wọ́n dúdú, wọ́n sì lágídí bíi tèmi. Eṣinṣin ò rí wọn gbé ṣe. A ṣọgbà. Mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ ihò òpó, mo fi ọwọ́ mi na wáyà, ó ya mí lápá, àpá ẹ̀ ṣì wà níbí. Salíù, tó wá bá wa ṣiṣẹ́ nígbà náà, tó sì dàgbà sórí ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú mi, máa ń sọ pé, "Ìyá, ẹ sinmi." Mo máa ń dá a lóhùn pé n ó sinmi bí mo bá kú. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń fọ́nnu.

Abo àkọ́kọ́ bí. Wàrà dé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mu ún. Wọ́n ní wàrà tó ṣì gbóná láti ara ẹran, à á ṣe mu ún? Ni Màmá bá gbé àga síwájú ilé ní Ijoku, ní ọjọ́ ọjà, lójú gbogbo ayé. Ó ní kí n bu ife kan wá. Mo sè é, mo bù ú fún un. Ó mu ún tán láì mí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ìyàwó mi ló fún un. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó gbé ẹnu ẹ̀ lọ sílé." Kí oòrùn tó wọ̀, korobá mi ti ṣófo. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ìyá ìjọ láti Ìkẹ́nnẹ́ á fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ wá gba wàrà láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó lọ síléèwé. Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Onímàlúù. N ò gba oyè kankan rí tó jù ú lọ.

Nígbà tí Màmá kú, mo bó obì fún odidi ọjọ́ kan níwájú ilé náà, nítorí n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún un. Èdè tiẹ̀ ni mo ń sọ dòní. "Ulé" ló ń pe ilé, "ulẹ̀" ló ń pe ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Rẹ́mọ. Bí mo bá ń dá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

*

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, Ìbídùn. Inú koríko ló dàgbà sí. Kò tíì ga tó ìbàdí màlúù tó ti ń bá mi fa ọmọ màlúù. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀ fún un: bí màlúù bá ń rọbí, o ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Oúnjẹ lè jóná, àlejò lè bínú lọ, ìdánwò gan-an lè kọjá. Ó fi ìdánwò kan sílẹ̀ lóòótọ́. Bàbá ẹ̀ fẹ́ nà án, mo dúró sáàárín wọn.

Lẹ́yìn tí Ṣẹ́gun kú, Ìbídùn lọ sí Áyálándì. Gbogbo èèyàn ló ń lọ, ta ni èmi tí n ó dá a dúró, èmi tí mo kúrò lọ́dọ̀ ìyá tèmi? Ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní ìsinmi, ó máa ń lọ ran àbúrò mi ọkùnrin lọ́wọ́ lóko. Àbúrò mi ò bímọ. Kò pẹ́ tí Ìbídùn fi pè mí, tó ń pariwo pé, "Màámi, àbúrò yín ti fún mi ní oko o! Ó ní èmi ni mo ni ín!"

Háà. Oko tí wọn ò fún mi. Torí pé obìnrin ni mí ni wọn ò fún mi, wọ́n wá fún ọmọ mi obìnrin. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, àwọn méjèèjì jókòó pa pọ̀ nínú mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí Nóra kú. Òtútù fẹ́ pa mí. Mo kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé mo ṣubú, ó ń pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá gbé mi. Wọ́n ń ṣàánú mi, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa padà sílé. Ilé! Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì tíì lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ní ilé tí wọ́n bí mi sí.

*

Bọ̀ọ̀dá Wálé ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Òun ni olórí ẹbí báyìí. Ó mú ìgò mọ́ọ̀tì wá fún mi, ó jókòó lábẹ́ igi tí mo ti máa ń fún wàrà, ó sọ ọ́ dáadáa, ó fara balẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Wọn ò tíì pín ilẹ̀ bàbá wọn rí, nítorí náà ẹbí fẹ́ pín in bí àwọn baba wọn ṣe ń pín in, ní ìdí ìdí: ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn ní, ìdí mẹ́ta ni. Ní ìdí Màmá, Ṣẹ́gun nìkan ló dàgbà tó fi bímọ, Ìbídùn nìkan ni Ṣẹ́gun sì bí.

"Kó wá," ni Bọ̀ọ̀dá Wálé wí. "Kó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń pín in. Bó bá ti dúró báyìí, apá ibi tí màlúù rẹ wà, tìdí yín ni. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ dù ú."

Mo ní, "Bí kò bá ráyè wá ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyàwó, kó wá ni."

Mo pe Ìbídùn. Ó ní, "Màámi, n ó wá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fọ yàrá ẹ̀, mo ta aṣọ ibùsùn ẹ̀ sóòrùn. Mo sọ fún Salíù, mo sọ fún àwọn màlúù pàápàá.

Ọjọ́ tó yẹ kó wọ bàálù, ó pè. Mo ti mọ̀ láti ara bó ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ti ṣubú nínú àgbàlá, egungun itan ẹ̀ ti dá, ó wà ní ọsibítù. Àsìkò náà sì ni gbogbo màlúù tó wà lóko ń bímọ. Ó ti wá èèyàn títí, kò sẹ́ni tó ráyè. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà yẹn àfi òun nìkan.

"Màámi, bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, n ó máa bọ̀."

Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ń wo màlúù tèmi tí wọ́n ń jẹko.

Mo ní, "Ṣé èyí tó ń rọbí wà lọ́wọ́ báyìí?"

Ó ní, "Méjì ni."

Mo ní, "Dúró tì wọ́n."

*

Wọ́n pàdé lórí ilẹ̀ náà lówùúrọ̀. Wọ́n tẹ́ àga sábẹ́ igi. Àwọn màlúù mi dúró lẹ́bàá wáyà, wọ́n ń wò wá. Bọ̀ọ̀dá Wálé béèrè ẹni tó dúró fún ìdí ìyá tirẹ̀, òun fúnra ẹ̀ dìde. Ó béèrè ti ìdí kejì, ọmọbìnrin kan láti Ṣàgámù dìde, ó pọn ọmọ. Ó wá béèrè ti ìdí Màmá.

Èmi ni mo dìde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, fà mí níró. Ó ní, "Ìyàwó, jókòó, ẹsẹ̀ á dùn ọ́."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n pe Ìbídùn. Gbogbo yín á rí ojú ẹ̀ lórí fóònù. Á sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀."

Ó ní, "A ò lè fi fóònù pín ilẹ̀, ìyàwó."

"Mo ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó yìí tó dáyé. Èmi ni mo dá a. Ẹ wo apá mi!" Mo ti ń pariwo. Mo ń na àpá wáyà yẹn sí wọn, bí aṣiwèrè.

Bọ̀ọ̀dá Wálé wá bá mi, ó di ọwọ́ tí mo nà mú. Omi wà lójú ẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "A mọ̀. Ìyàwó wa ni ọ́. A ò lé ọ. Yàrá Màmá ní Ijoku, tìrẹ ni títí ayé, kò sẹ́ni tó máa mú ọ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ò lè dúró fún ìdí. Ọmọ ló ń dúró."

Mo jókòó. Wọ́n pín in sọ́nà méjì.

Bí ẹ bá rò pé wọ́n burú, ẹ ò gbọ́ mi yé. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí ẹni tí n ó bínú sí. Bàbá mi náà kò burú. Tíì ló ń mu.

*

Kò síbi tí mo lè kó wọn sí mọ́, mo tà wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù wá kó àwọn màlúù. Wọn ò fẹ́ gun orí ọkọ̀ àfi ìgbà tí mo kọ́kọ́ gun ún, tí mo pè wọ́n. Wọ́n tẹ̀ lé mi nítorí pé wọ́n gbà mí gbọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, Salíù ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń sunkún, kò fẹ́ kí n rí i.

Yàrá Màmá ni mo wà báyìí. Wọ́n ṣì ń bó obì níwájú ilé. Ìdájí ni mo máa ń jí, bí mo ṣe máa ń jí láti fún wàrà, n ó jókòó sétí ibùsùn, kò sí ohun tí mo fẹ́ fún. Ìbídùn ń pè, ó ń sunkún, ó ń ní, "Màámi, ẹ wá sílé." Mo ní mo ti gbọ́. N ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́ àyàfi òun. Níbí, gbogbo èèyàn ló mọ̀ mí, wọ́n sì ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún mi.

Lọ́sàn-án kan báyìí, mo jókòó síwájú ilé láàárín àwọn tó ń bó obì. Fóònù dún. Ìbídùn ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màámi, imú ọmọ ni mò ń rí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì ò sí. Dókítà ẹran ní òun ò lè tètè dé."

Mo dìde. Mo ní, "Ṣé o ti fọ ọwọ́? Fi ọṣẹ kún apá rẹ. Ki ọwọ́ wọlé. Dúró kí ìrọbí yẹn kọjá, má bá a jà. Ó ti kọjá? Ti ọmọ náà padà, jẹ́jẹ́. Wá orúnkún."

"Mo ti rí i."

"Sọ̀ kalẹ̀. Wá pátákò. Fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó má baà ya ilé ọmọ. Ó wà lọ́wọ́ rẹ? Fà á bọ̀ níwájú. Díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn, díẹ̀díẹ̀!"

Àwọn tó ń bó obì ti dáwọ́ dúró. Mo ń gbọ́ màlúù náà tó ń ké, mo ń gbọ́ òjò lórí páànù, páànù àgbàlá bàbá mi. Ohun kan ṣubú sórí koríko gbígbẹ.

"Ó ń mí! Màámi, ó wà láàyè! Abo ni! Ẹ ṣé, ẹ ṣé, mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ n nù ún kí òtútù má pa á." Ó pa fóònù.

Mo dúró síbẹ̀. Ìyá kan láàárín wọn ní, "Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé kò sí?"

Mo ní kò sí o. Ìgbà náà ni mo wo ara mi, mo rí i pé mo ti ká apá bùbá mi dé èjìká. Mo tú u sílẹ̀, mo jókòó, wọ́n sì ti agbọ̀n obì kan sí mi lẹ́sẹ̀.